Ta ló ń jẹ ewéko òkun? Bí bakitéríà ṣe ń tú ṣúgà tí ikùn wa kò lè tú

Láti ọdún 2011 ni ewéko òkun aláwọ̀ búráùn kan tó ń jẹ́ sargassum ti ń rọ́ wọ etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Kò ní gbòǹgbò tó fi di ilẹ̀ mú. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tó wà lára rẹ̀ ló ń gbé e léfòó, ìgbì á sì máa tì í kiri. Àwọn onímọ̀ ewéko ti kó èyí tó léfòó lójú òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí oríṣi méjì nínú rẹ̀, Sargassum natans àti Sargassum fluitans. Lọ́dún 2018, nígbà tí wọ́n fi sátẹ́láìtì wo gbogbo rẹ̀ láti òkè, ó nà láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà títí dé Gulf of Mexico, kìlómítà 8,850, ìwọ̀n rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù.

Apẹja tó kó o sínú àwọ̀n dípò ẹja á fẹ́ mọ ìgbà tí yóò kúrò. Ohun tí èmi fẹ́ ká yẹ̀ wò ni ibi tó ń gbà lọ nígbà tó bá kúrò. Ewéko òkun kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa hù. Ká ní gbogbo èyí tó ti kú láti ayébáyé ṣì wà nínú omi ni, òkun ì bá ti dí. Tí o bá bi èèyàn, wọ́n á ní ó jẹrà ni. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sí nǹkan tó ń dédé jẹrà fúnra rẹ̀. Àwọn kan ló ń jẹ ẹ́, bakitéríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, nítorí ohun tí ewéko òkun fi kọ́ ara rẹ̀ yàtọ̀ gan-an sí ohun tó wà nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí iṣu.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ẹ̀bà bẹ̀rẹ̀. Ohun tó pọ̀ jù nínú gààrí ni sítáàṣì. Sítáàṣì kì í dùn lẹ́nu bíi ṣúgà, síbẹ̀ ṣúgà ni. Ẹyọ ṣúgà kan tó ń jẹ́ glucose ni, ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló so mọ́ra wọn bí ìgbà téèyàn sín ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn. Nínú itọ́ wa, a ní ẹ́ńsáìmù, èròjà tí ara ń ṣe láti fi tú oúnjẹ, tó mọ ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ kan ti so mọ́ èkejì, ibẹ̀ gan-an ló sì ń gé. Àwọn mìíràn ń bá iṣẹ́ náà lọ nínú ìfun, títí tí yóò fi ku ẹyọ glucose lásán, èyí tó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Igi pákó náà ńkọ́? Glucose kan náà ló pọ̀ jù nínú tirẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kan náà, bí wọ́n ṣe so ó ló yàtọ̀. Ìyàtọ̀ ìso yẹn nìkan ló fà á tí èèyàn fi lè jẹ iṣu yó, tí kò sì lè jẹ pákó yó. Ẹ́ńsáìmù wa mọ ìso ti iṣu, kò mọ ti pákó, kò sì sí bó ṣe lè fi agbára ṣe é. Ẹni tí èyí bá yé, ìdajì ọ̀rọ̀ òní ti yé e: irú ìso kọ̀ọ̀kan ló ní irú ẹ́ńsáìmù tó lè gé e.

Ewéko òkun wá mú tirẹ̀ le ju ti pákó lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe glucose nìkan. Àwọn ewéko òkun pupa ń fi galactose ṣe ágà, carrageenan àti porphyran. Àwọn aláwọ̀ búráùn, tí sargassum wà lára wọn, ń fi oríṣi ṣúgà kíkan méjì, mannuronic acid àti guluronic acid, ṣe alginate tó mú ara wọn gírígírí tó sì tún rọ̀. Wọ́n ń fi fucose ṣe fucoidan tó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀. Wọ́n sì tún ní laminarin, tí wọ́n fi glucose ṣe, èyí tí wọ́n ń kó pa mọ́ de ìgbà tí oòrùn kò bá tó. Àwọn aláwọ̀ ewé bíi Ulva ní ulvan tiwọn. Ẹ má wulẹ̀ há orúkọ wọ̀nyí sórí, n óò máa rán yín létí.

Ohun tó mú iṣẹ́ náà nira jù ni súlífeètì, èròjà kan tí imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Omi òkun kún fún un, ọ̀pọ̀ ewéko òkun sì máa ń mú un so mọ́ ara ṣúgà wọn, nǹkan tí ewéko orí ilẹ̀ kì í sábà ṣe. Níbi tí súlífeètì bá ti rọ̀ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ́ńsáìmù kì í ráyè dé ìso. Ẹ́ńsáìmù mìíràn, tí wọ́n ń pè ní sulfatase, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó ní ẹ́ńsáìmù tí ń gé ìso, tí kò ní èyí tí ń yọ súlífeètì, ebi lè pa á sínú oúnjẹ.

Báwo wá ni bakitéríà ṣe ń rí i jẹ? Kò lẹ́nu, kò ní ikùn. Tí o bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ọ̀kan tàbí méjì nínú rẹ̀ ni gígùn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ewéko tó fẹ́ jẹ tóbi jù ú lọ fíìfíì, ẹyọ okùn ṣúgà kan ṣoṣo pàápàá gùn ju ohun tó lè gba ara rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ìta ló ti ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Ó ń tú ẹ́ńsáìmù sínú omi, tàbí kó fi wọ́n sí ara awọ rẹ̀ lóde, kí wọ́n gé ṣúgà náà sí wẹ́wẹ́. Wẹ́wẹ́ yẹn ló ń gbà wọlé, inú ilé ló ti ń parí rẹ̀.

Kò sí ibi tí ojú ti lè rí èyí kedere bí orí àwo ágà. Ẹni tó bá ti wọ yàrá ìwádìí tí wọ́n ti ń sin bakitéríà mọ àwo náà: pẹrẹsẹ, róbótó, ó ní ìdérí, wọ́n sì da nǹkan kan tó dì, tó ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀, sínú rẹ̀. Ágà ni nǹkan náà, ara ewéko òkun pupa ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Ilé ìdáná ló gbà dé yàrá ìwádìí. Ní nǹkan bí ọdún 1881, Walther Hesse, dókítà ọmọ Jámánì kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Robert Koch ní Berlin, ń bínú pé gelatin, nǹkan dídì tí wọ́n ń yọ lára ẹran, tí òun ń sin bakitéríà lé lórí ń yọ́ nígbà ooru, àwọn bakitéríà kan sì tún ń jẹ ẹ́. Fanny ìyàwó rẹ̀ ló ní kó lo ágà, torí ó ti máa ń fi se oúnjẹ tó dì, kì í sì í yọ́ bó ti wù kí ooru mú. Ágà kì í yọ́ títí ooru yóò fi súnmọ́ ìwọ̀n 85 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tó bá sì ti yọ́, kò ní dì títí yóò fi wálẹ̀ sí nǹkan bí 40. Lọ́dún 1882, Koch mẹ́nu ba ágà nínú ìwé rẹ̀ lórí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kò dárúkọ Fanny. Títí dòní, orí ágà ni ilé ìwòsàn kárí ayé ti ń sin kòkòrò tí wọ́n bá mú lára aláìsàn.

Ìdí tí ágà fi ṣe é gbára lé ni pé àwọn bakitéríà tó ń dá àìsàn sí wa lára kò ní ẹ́ńsáìmù tó lè gé e. Wọ́n á hù lé e lórí, wọn kò ní í fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n tí o bá fi omi òkun pa ojú àwo náà dípò nǹkan ara aláìsàn, tí o sì dé e fún ọjọ́ mélòó kan, o lè rí ohun ìyanu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdì bakitéríà náà á wú sókè tótòtó bó ṣe yẹ. Àmọ́ ọ̀kan tàbí méjì á máa rì. Kòtò kékeré á gbẹ́ sábẹ́ wọn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á mọ́lẹ̀ yíká, nígbà mìíràn omi á sun sínú rẹ̀. Da áyódìn lé e: gbogbo ibi tí ágà ti wà lódidi á pọ́n dúdú, ṣùgbọ́n yíká ìdì tó rì yẹn, òbìrí kan á ṣẹ́ kù tí kò mu áròó náà rárá. Òbìrí yẹn ni ibi tí ẹ́ńsáìmù rẹ̀ rìn dé. Lọ́dún 1902 ni Gran, onímọ̀ kan ní ìlú Bergen ní Norway, kọ̀wé nípa irú bakitéríà òkun tó ń yọ́ ágà bẹ́ẹ̀, ó sì pe ẹ́ńsáìmù náà ní gelase. Agarase là ń pè é báyìí.

Lára àwọn tí wọ́n ti yẹ̀ wò fínnífínní jù ni Zobellia galactanivorans. Ara ewéko òkun pupa kan ni wọ́n ti mú un ní Roscoff, etíkun Brittany ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 2001 ni wọ́n sì fi orúkọ yẹn pè é, láti fi bọlá fún Claude ZoBell, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ fi bakitéríà inú òkun ṣe iṣẹ́ ayé wọn ní Amẹ́ríkà. Zobellia lè gé ágà, porphyran, carrageenan, alginate àti laminarin, tí í ṣe oúnjẹ láti ara ewéko pupa àti ti búráùn. Ìyẹn ò wá túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ló ń tú síta tọ̀sán-tòru. Òfò gbáà ni yóò jẹ́, torí ẹ́ńsáìmù ń ná an ní agbára, omi òkun sì lè gbé e lọ. Díẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tú jáde. Bí wọ́n bá kan alginate, wẹ́wẹ́ rẹ̀ á padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nígbà náà ni yóò wá ṣí jíìnì ti alginate, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú ara rẹ̀ tó fi ń ṣe ẹ́ńsáìmù náà, sílẹ̀ gbalaja.

Ètò jíìnì náà dára púpọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn bakitéríà wọ̀nyí, gbogbo jíìnì tí iṣẹ́ ṣúgà kan nílò ló wà lójú kan náà: èyí tó ń ṣe ẹ́ńsáìmù tí ń gé, èyí tí ń yọ súlífeètì, èyí tí ń di wẹ́wẹ́ mú lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí ń ṣílẹ̀kùn fún un, àti èyí tí ń tọ́ ọ wò láti mọ̀ bóyá oúnjẹ náà dé. Bí wọ́n ṣe wà pọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ohun tí a máa sọ nípa ìfun èèyàn láìpẹ́.

Iye ẹ́ńsáìmù tí ṣúgà kan ń béèrè yàtọ̀ gan-an. Laminarin rọrùn: glucose ni, kò ní súlífeètì, ẹ́ńsáìmù mélòó kan ti tó, kíá ló ń tán. Fún ulvan, àwọn onímọ̀ fi Formosa agariphila, bakitéríà tí wọ́n mú lára ewéko òkun aláwọ̀ ewé ní Òkun Japan, tọpa iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lọ́dún 2019. Ẹ́ńsáìmù 12 ni wọ́n rí tó ń tẹ̀lé ara wọn, èyí tó kẹ́yìn kò sì lè ríṣẹ́ ṣe tí àwọn tó ṣáájú kò bá tíì ṣe tiwọn.

Fucoidan ló wá jẹ́ ọ̀gá. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gbọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Súlífeètì bò ó, okùn rẹ̀ ní ẹ̀ka, bí fucoidan ewéko kan ṣe rí kọ́ ni ti èkejì rí. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ ṣàlàyé bí bakitéríà kan tó ń jẹ́ Lentimonas ṣe ń jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ẹ́ńsáìmù tó jọ pé fucoidan ló wà fún, wọ́n rí 284. Oríṣi fucoidan kan ṣoṣo lè gba nǹkan bí 100 nínú wọn. Ẹ wo ìnáwó! Bakitéríà tó lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí fucoidan fi máa ń pẹ́ nínú omi nígbà tí àwọn ṣúgà yòókù ti tán.

Kí ló wá kàn wá nínú pípẹ́ rẹ̀? Carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ ni ewéko fi ń ṣe ṣúgà. Tí bakitéríà bá tètè jẹ ṣúgà náà, wọ́n á mí i síta, á padà di carbon dioxide. Èyí tí wọn kò bá rí jẹ ló ń jókòó sínú òkun. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Max Planck ní Bremen, ní Jámánì, wo ewéko búráùn kan, Fucus vesiculosus, ní etíkun Finland, wọ́n rí i pé ó ń tú fucoidan sínú omi nígbà tó ṣì wà láàyè. Wọ́n ṣírò pé gbogbo ewéko búráùn ayé lè máa tipa bẹ́ẹ̀ kó tó mílíọ̀nù 550 tọ́ọ̀nù carbon dioxide kúrò nínú afẹ́fẹ́ lọ́dọọdún. Ìṣirò ni o, èmi ò ní í fi búra. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká rí i pé ohun tí bakitéríà kò lè jẹ kò kéré sí ohun tó lè jẹ nínú ìtàn yìí.

Òórùn sargassum tó wọ́ jọ sí etí omi náà, iṣẹ́ àwọn tó ń jẹun ni. Nígbà tó bá dùbúlẹ̀ ní òkìtì, àwọn bakitéríà tó kọ́kọ́ dé á lo gbogbo ọ́síjìn tó wà láàárín rẹ̀ tán. Àwọn mìíràn tí kò nílò ọ́síjìn á wá gbapò. Súlífeètì ni wọ́n ń lò dípò ọ́síjìn, ohun tí wọ́n sì ń tú jáde ni hydrogen sulphide, afẹ́fẹ́ tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ó ń ta ojú, ó ń dùn èèyàn ní ọ̀nà ọ̀fun, ó sì ń ba irin jẹ́. Kò yẹ kéèyàn fi ilé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ irú òkìtì bẹ́ẹ̀ láìkó o kúrò.

Ìwà àwọn bakitéríà yìí síra wọn náà ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tó tú ẹ́ńsáìmù sínú omi ti ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ àti fún gbogbo àdúgbò, torí wẹ́wẹ́ ṣúgà kì í mọ ẹni tó gé e. Àwọn kan wà tí kì í dáko rárá, àárín àwọn tó ń dáko ni wọ́n máa ń gbé, tí wọ́n á máa ṣa èyí tó bá bọ́ jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ahun wà pẹ̀lú. Greta Reintjes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bremen fi àwọ̀ tó ń tàn sára ṣúgà, wọ́n fún bakitéríà inú omi Àtìláńtíìkì, wọ́n sì kọ̀wé ohun tí wọ́n rí lọ́dún 2017. Àwọn bakitéríà kan gé okùn náà sí gígùn díẹ̀ lára awọ wọn lóde, wọ́n sì fà á wọlé kíákíá, kí wọ́n tó wá jókòó gé e wẹ́wẹ́ láàárín awọ méjì tí wọ́n ní. Ara wọn ń tàn yòò lábẹ́ ẹ̀rọ awò, àwọn tó wà nítòsí kò sì rí nǹkan kan ṣà. Àwọn onímọ̀ náà pe ìwà yìí ní ìmọtara-ẹni-nìkan, n kò sì rí irọ́ níbẹ̀.

Ó kan ìfun wa báyìí. Ní Japan, wọ́n ti ń jẹ nori, ewéko òkun pupa pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wé sushi, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Porphyran ló pọ̀ nínú rẹ̀, ara èèyàn kò sì ní ẹ́ńsáìmù kankan fún un. Lọ́dún 2010, Jan-Hendrik Hehemann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní Roscoff rí ẹ́ńsáìmù tó ń gé porphyran lára Zobellia. Nígbà tí wọ́n wá jíìnì rẹ̀ kiri níbi tí wọ́n kó ìsọfúnni jíìnì jọ sí, ara bakitéríà òkun ni wọ́n ti ń rí i, àfi ọ̀kan: Bacteroides plebeius, tó ń gbé inú ìfun àwọn ará Japan. Wọ́n wo ìsọfúnni ìfun àwọn ará Amẹ́ríkà ti Àríwá, wọn kò rí i níbẹ̀. Báwo ló ṣe débẹ̀? Bakitéríà òkun máa ń wà lára ewéko tí èèyàn jẹ ní tútù. Nígbà tó kọjá nínú ìfun, bakitéríà tó ti ń gbé ibẹ̀ gba jíìnì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bakitéríà kò ní láti jẹ́ òbí àti ọmọ kí wọ́n tó pín jíìnì, àjèjì lè fún àjèjì. Bí jíìnì iṣẹ́ kan ṣe wà lójú kan náà, bí mo ṣe sọ lókè, ló mú kí odidi iṣẹ́ lè ṣí lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n ti rí irú jíìnì bẹ́ẹ̀ fún àwọn ṣúgà òkun mìíràn lára oríṣiríṣi bakitéríà ìfun.

Àwọn èèyàn náà ti ń fọwọ́ ara wọn ṣí jíìnì wọ̀nyí nípò. Lọ́dún 2012, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà mú jíìnì alginate lára Vibrio splendidus, bakitéríà òkun, wọ́n fi sínú E. coli, bakitéríà kan tó máa ń gbé inú ìfun, E. coli náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ewéko òkun búráùn ṣe ethanol, ọtí tí wọ́n ń lò bí epo ọkọ̀. Ìrònú tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ewéko òkun kò gba ilẹ̀ oko, kò sì gba ajílẹ̀ àti omi òjò lọ́wọ́ àgbàdo.

Ẹni tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí òun, kó yí ike áísìkiriìmù tàbí páálí wàrà dídì sẹ́yìn, kó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n sábà fi ń kọ wọ́n: E401 ni alginate, E406 ni ágà, E407 ni carrageenan. Wọ́n fi wọ́n síbẹ̀ kí ó lè ki, kí omi rẹ̀ má sì yà sọ́tọ̀. Iye tí ìfun rẹ máa rí lò nínú wọn wà lọ́wọ́ irú bakitéríà tó ń gbé inú rẹ.